Ṣé O Mọ̀? Eré Orí Omi Ní Colorado, Kóòtù Ló Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé títí di ọdún 2016, ọ̀pọ̀ onílé ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni kò gbọdọ̀ gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé ara wọn láti gba omi òjò? Ọdún náà ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba àgbá méjì fún ilé kan, àpapọ̀ omi inú wọn kò sì gbọdọ̀ ju gálọ́ọ̀nù 110 lọ. Ohun tó fà á ni pé òjò náà ti ní olówó kó tó kanlẹ̀. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ odò tí ìwé kóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ló ni omi tí òjò yẹn máa dà.

Ṣé o mọ̀ pé orí ìlà ni gbogbo olómi wà níbẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ mu. Àwọn tó wá wa wúrà lẹ́yìn 1858 wà lára àwọn tó mú àṣà náà dàgbà, ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1876: omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ tó lérè lè fà á, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ náà dù ú. Ẹ̀tọ́ tó pẹ́ jù lọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní jẹ́ ti yàrà omi kan tí àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ ní San Luis ní 1852, kí Colorado fúnra rẹ̀ tó di ìpínlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọn kì í pín omi náà ní ọgbọọgba? Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti 1870 á gba tirẹ̀ tán pátápátá kí ẹni 1871 tó fẹnu kàn án. Bí omi ẹni àgbà kò bá pé, á “pe omi”, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba á sì lọ ti ìlẹ̀kùn yàrà àwọn tó dé kẹ́yìn lókè odò, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí omi yóò fi kàn án. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹni ìkẹyìn bóyá ọmọ rẹ̀ ń sunkún.

Ṣé o mọ̀ pé ìjà ló bí ẹjọ́ tó kan ìṣó mọ́ ọ̀rọ̀ náà? Ní 1879, odò gbẹ, àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà létí odò St. Vrain bínú lọ wó ìsédò tí ilé-iṣẹ́ Left Hand Ditch fi ń gbé omi lọ sí àfonífojì mìíràn. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà àwọn ni odò ń gbà kọjá, báwo ni ará ibòmíràn ṣe máa wá kó o lọ? Ní 1882, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Colorado ní Left Hand ló ti ń fa omi ṣáájú wọn, òun ló jàre. Kí ilẹ̀ ẹni wà létí odò kò sọ ẹni di olómi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan eré nìyí. Lójú òfin ayé ìgbà náà, kéèyàn lo omi túmọ̀ sí kó fà á jáde: kó fi bomi rin oko, kó fi fọ wúrà, kó gbé e lọ sílé. Omi tó bá dúró sínú odò, tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ lọ, omi tí kò ní olówó ni, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé lọ́la lè gbé gbogbo rẹ̀. Ní 1973 ni òfin kan tó gbà pé kí wọ́n máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹja àti àyíká tó kọ́kọ́ jáde, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ṣoṣo, Colorado Water Conservation Board, ló sì lè ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú kankan kò lè ní in.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ kò dúró de òfin? Láti 1949 ni ìlú Salida ti ń ṣe ìdíje ọkọ̀ lórí odò Arkansas, FIBArk ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní. Ní Denver, lẹ́yìn tí omíyalé 1965 ba ìlú jẹ́, wọ́n tún ibi tí South Platte àti Cherry Creek ti pàdé ṣe, wọ́n sọ ọ́ di Confluence Park ní 1975, wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré lè gbà sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìlú.

(Ọkọ̀ tí à ń wí ni kayak: tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnì kan ló sábà máa ń gbà, onítọ̀hún á jókòó sínú ihò rẹ̀ dé ìbàdí, á sì máa fi àjẹ̀ olójú méjì tukọ̀ ní ọ̀tún lósì. Àwọn Inuit tó wà ní ìhà àríwá ayé ló ń fi í ṣọdẹ lórí òkun kó tó di ohun eré.)

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọn odò? Fojú inú wo àpótí omi kan tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, tó ń kọjá níwájú rẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Cfs kan nìyẹn, lítà 28 ó lé díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí à ń gbé lọ sídìí ẹ̀rọ omi jẹ́ lítà 25, nítorí náà cfs kan fi díẹ̀ ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Fi í sọ́kàn, nítorí àwọn ìlú tó ń bọ̀ yìí kì í béèrè ẹyọ kan.

Ṣé o mọ̀ pé omi ní kóòtù tirẹ̀? Láti 1969 ni Colorado ti ní kóòtù omi méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àgbègbè odò ńlá kan. Ìlú tó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ á kọ̀wé, kóòtù á tẹ àkópọ̀ rẹ̀ jáde lóṣooṣù kí gbogbo ayé lè rí i, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sì ní àyè láti ta kò ó títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kejì lẹ́yìn oṣù tí ìwé wọlé. Àwọn alátakò kì í ṣọ̀wọ́n: àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ìlú ńlá wà níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Lọ́yà ń jẹun.

Ṣé o mọ̀ pé Fort Collins ló la ọ̀nà? Ní 1986, ìlú náà kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí odò Cache la Poudre tó gba inú rẹ̀ kọjá, fún ìgbafẹ́, fún ọkọ̀ àti fún ẹja. Ìlú Thornton, tó ń ra oko pẹ̀lú omi oko káàkiri àgbègbè yẹn ní sáà kan náà, dìde ta kò ó. Ohun méjì ni Fort Collins ní láti fi hàn. Ìsédò kan ń darí odò padà sí ojú ipa rẹ̀ àtijọ́. Èkejì ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ àti àtẹ̀gùn tí ẹja ń gùn. Ìbéèrè tó wà níwájú àwọn adájọ́ rí bákan létí: ẹni tí kò fa omi kúrò nínú odò, ṣé ó fa omi? Ní 1992, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá darí omi náà, kódà kí omi má kúrò lójú odò rárá. Ìdájọ́ yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Òkúta tí ẹnjiníà tò sínú odò di ẹ̀rí níwájú adájọ́, èyí tí Ọlọ́run ti tò síbẹ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé kò já mọ́ nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Golden gba ọ̀nà yẹn wọlé kíákíá? Clear Creek ló gba àárín ìlú náà, ilé-iṣẹ́ bíà Coors sì ti wà níbẹ̀ láti 1873. Ní 1998, ìlú náà to òkúta ràbàtà sínú odò ní ọ̀nà tí omi yóò fi máa ru, tí yóò máa dá ìgbì tí kayak lè jó lórí rẹ̀. Ní Disẹ́ńbà ọdún náà, wọ́n ti dé kóòtù. Iye tí wọ́n béèrè lọ dé 1,000 cfs lásìkò tí odò bá kún. Padà sórí kẹ́ẹ̀gì wa: ó ju ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún eré! Ìjọba ìpínlẹ̀ figbe ta. Ìlú ní kì í ṣe eré lásán, àwọn tó ń wá wò ó ń náwó nínú ìlú, owó sì jẹ́ èrè bí àgbàdo ṣe jẹ́ èrè. Kóòtù omi fún Golden ní ohun tó béèrè.

Ìjọba gbé e lọ sókè. Ní 2003, adájọ́ mẹ́fà ló jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, mẹ́ta lọ síbí, mẹ́ta lọ sọ́hùn-ún. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dọ́gba báyìí, ìdájọ́ ìsàlẹ̀ ló máa dúró. Bí Golden ṣe borí nìyẹn, Breckenridge tó wà lórí odò Blue àti Vail tó wà lórí Gore Creek náà sì borí bákan náà. Ìdájọ́ tó dọ́gba kì í sì í di òfin fún ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ ohun tí Golden wá rí gbà gan-an? Àyè kan lórí ìlà, tí 1998 wà lórí rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀, awakùsà àti ilé-iṣẹ́ tó ti wà níwájú láti 1859 wá ṣì wà níwájú síbẹ̀, Golden kò lè pe omi lé ẹnikẹ́ni nínú wọn lórí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la ni ìwé náà dì lọ́wọ́: ìlú òkè odò tó fẹ́ kọ́ adágún ní 2030, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi omi ìsàlẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú omi òkè. Fún ìdí yìí ni àwọn ìlú ńlá ṣe ń bá kayak jà kíkankíkan, nígbà tí kayak kò mu ju ẹ̀kán omi kan lọ. Gbogbo omi tó wọlé ló ń jáde lódìkejì láìdín. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ìyẹn ló sì ń dí àwọn ará òkè lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kò lè béèrè ẹ̀tọ́ yìí? Òfin 2001 ló sọ bẹ́ẹ̀: ìlú, ìjọba àgbègbè, àti irú àwọn àjọ omi bẹ́ẹ̀ nìkan. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ béèrè èyí tó kéré jù tó lè mú kí ìgbafẹ́ náà “mọ́gbọ́n dání”. Èyí tó mọ́gbọ́n dání wá di ìjà tuntun. Ní Gunnison, àjọ omi àgbègbè béèrè 270 sí 1,500 cfs. Colorado Water Conservation Board, tí òfin ní kó máa gba kóòtù nímọ̀ràn, ní 250 ti tó wọn. Ní 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìgbìmọ̀ náà wí: ohun tí wọ́n béèrè ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe kí ẹ bá wọn bu tiyín. Ó sì dá ẹjọ́ padà sí kóòtù ìsàlẹ̀.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, àwọn aṣòfin dá sí i. Òfin 2006 ní ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì nìkan ni ẹ̀tọ́ náà wà fún. Òmùwẹ̀? Rárá. Apẹja? Òun náà kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Épírì sí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú Sẹptẹ́ńbà ni sáà rẹ̀, àfi bí ìlú bá fi hàn pé àwọn ènìyàn ń fẹ́ ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ohun tí ìlú béèrè bá ju ìdajì gbogbo omi tó máa ń gba ojú odò náà kọjá ní sáà yẹn lọ, òfin á tún so ìjánu míì mọ́ ọn. Èyí tó rorò jù nìyí: bí omi tó lè dé ibẹ̀ kò bá tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí kóòtù kọ, ìlú kò gbọdọ̀ pe omi rárá. Ẹni tí ebi ń pa gan-an, wọ́n ní kó má béèrè oúnjẹ.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí iye tí wọ́n ń béèrè kì í fi í dúró sójú kan láàárín ọdún? Yìnyín ni. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń tò jọ lórí àwọn òkè Rocky, oòrùn á wá yọ́ ọ láàárín Méè sí Júùnù, odò á kún dẹ́nu. Tó bá di Ògọ́ọ́sì, odò kan náà lè fà dé ibi tí ọmọdé yóò fi la á kọjá. Àwọn ìlú sì ń kọ ìwé wọn ní ìpele ìpele, ọ̀sẹ̀ tí yìnyín ń yọ́ ní iye tirẹ̀, ìgbà ọ̀dá ní tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú kan wà tó ń lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò nínú odò tó gba ìwé lé lórí? Steamboat Springs ni, lórí odò Yampa. Ní 2003 ló kọ̀wé béèrè iye tó lọ dé 1,700 cfs. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí odò bá fà sábẹ́ 85 cfs, tàbí tí ooru omi bá ju ìwọ̀n Fahrenheit 75 lọ, ìlú á ní kí gbogbo ènìyàn má wọ̀ ọ́ mọ́ torí kí ẹja má baà kú. Odò Yampa yìí kan náà, ó di Sẹptẹ́ńbà 2018 kí ẹnikẹ́ni tó kọ́kọ́ pe omi lórí ojú odò ńlá rẹ̀. Kí ọdún yẹn tó dé, omi ń kárí.

Ṣé o mọ̀ pé Glenwood Springs béèrè ẹ̀tọ́ fún ibi eré tí kò tíì kọ́? Ó ti ní ìgbì kan tó kọ́ sínú odò Colorado ní 2008. Ní 2013, ó tún kọ̀wé fún ibi mẹ́ta mìíràn: No Name, Horseshoe Bend àti Two Rivers. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Kóòtù lè fún ni ní ẹ̀tọ́ onípinnu, kí onítọ̀hún máa padà wá lọ́dún mẹ́fà mẹ́fà láti fi hàn pé òun kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó béèrè 1,250 cfs gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, 2,500 fún ọjọ́ 46, àti 4,000 fún ọjọ́ márùn-ún péré, kí àwọn ọ̀gá nínú kayak lè wá figagbága. Aurora àti Colorado Springs, ìlú ńlá méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì òkè, ta kò ó, nítorí wọ́n ń gbé omi odò náà gba inú òkè kọjá, wọ́n sì fẹ́ gbé sí i. Ní 2015, ìgbìmọ̀ omi ìpínlẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ó lè dí Colorado lọ́wọ́ láti lo gbogbo ìpín rẹ̀ nínú àdéhùn odò Colorado ti 1922.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 1,250? Lókè díẹ̀ sí Glenwood, nínú àfonífojì olókùúta, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan wà tó ń jẹ́ Shoshone. Iná tó ń mú jáde kò ju nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 15 lọ, iná kékeré ni. Àmọ́ ìwé rẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, 1,250 cfs ló sì wà nínú rẹ̀. Bó bá ti pe omi, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lókè odò títí dé orí àwọn òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi sọ̀ kalẹ̀ wá. Ẹ̀rọ á lo omi náà tán, á dá a padà sódò, àwọn ọlọ́kọ̀ Glenwood á gba tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí omi tí ẹ̀rọ yẹn pè ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀rọ náà ti gbó, ó máa ń bàjẹ́. Ní Disẹ́ńbà 2023, àjọ Colorado River District fọwọ́ sí àdéhùn láti ra ẹ̀tọ́ omi Shoshone ní mílíọ̀nù 99 dọ́là, kí omi lè máa ṣàn lọ kódà bí ẹ̀rọ bá kú. Kò sí ibi eré omi kan ní Colorado tó ní ìwé tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan kò dé kóòtù rárá? Lórí odò Arkansas, níbi tí Browns Canyon wà, ìfohùnṣọ̀kan ló ń gbé omi wá. Omi kan wà tí wọ́n ń kó láti ìwọ̀-oòrùn òkè wá sínú adágún Turquoise àti Twin Lakes, Pueblo tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń lọ. Àwọn tó ni ín gbà láti máa tú u sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí odò lè wà ní 700 cfs láti oṣù Júláì títí di ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́ọ́sì. Omi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni, wọ́n kàn yan ìgbà tó máa lọ ni. Lójú tèmi, èyí fi orí pé ju ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní omi lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá fohùn ṣọ̀kan.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé kóòtù kò lè mú omi mọ́? Durango ní ẹ̀tọ́ ìgbafẹ́ lórí odò Animas. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ògọ́ọ́sì 2015, láàárín gbùngbùn sáà ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, tó ń ṣiṣẹ́ ní ihò wúrà Gold King ṣèèṣì ya ẹnu rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta gálọ́ọ̀nù omi ìdọ̀tí tú wọ odò, Animas pọ́n bí epo, wọ́n sì ti odò pa. Iye omi tó wà nínú odò kò dín.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ní àṣẹ láti léfòó lè máà ní àṣẹ láti dúró? Ní 1976, àwọn kan wa ọkọ̀ gba orí odò Colorado kọjá láàárín ilẹ̀ ọlọ́sìn màlúù kan, ọkọ̀ wọn sì ń kan ilẹ̀ abẹ́ omi. Wọ́n mú wọn. Ní 1979, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní wọ́n jẹ̀bi: omi jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀. Ní 1983, olórí agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹni tó léfòó láìfara kan ilẹ̀ kò dá ọ̀ràn. Ní Montana tó wà lókè lọ́hùn-ún, ilé ẹjọ́ wọn ti sọ ní 1984 pé aráàlú lè rìn nínú odò dé ibi tí omi máa ń kún dé. Ní Colorado, apẹja àgbàlagbà kan lọ sí kóòtù pé odò Arkansas ti gbé igi gẹdú fún oníṣòwò ṣáájú 1876, nítorí náà ìjọba ló ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ní 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kì í ṣe òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ rẹ bá há sórí yanrìn níbẹ̀ lẹ́bàá oko olówó, fi àjẹ̀ ti ara rẹ kúrò, má sọ̀ kalẹ̀.